Bíbéèrè Orúkọ Nítòsí Ilé
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ tí ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, èyíinì ni títọ́jú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àwọn wáyà àti ẹ̀rọ tí ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn àti mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé owó tí ẹ̀ka Èkó, ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà dá jọ ni a fi fa íntánẹ́ẹ̀tì dé ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, ilé ìwòsàn àti ilé ìkàwé. Gbogbo wa ni a sì ti gbọ́ ẹ̀sùn pé ó ń falẹ̀. Àbá kan wà níwájú ìpàdé yìí pé kí a ra ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èyí tí a ní, kí a sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Èmi kò wá bá ẹni tí ó dá àbá náà jà. Ìfẹ́ ìlú ni ó mú un dá a. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí bóyá ọ̀nà ni ó há, tàbí ẹni tí ń júwe ọ̀nà fún wa ni ó jìnnà. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, owó wọn kò sì dọ́gba rárá.

Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó bá wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́ńbà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé ti ń ní nọ́ńbà ojúlé. Àwa ènìyàn ni a kò lè há nọ́ńbà sórí tí a fi ń pe orúkọ. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan bá tẹ orúkọ ibi tí ó ń lọ, kọ̀ǹpútà rẹ̀ níláti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn pé, “Nọ́ńbà wo ni ẹni yìí ń lò?” Títí ìdáhùn yóò fi dé, kò sí ìgbésẹ̀ tí ó lè gbé. Ètò bíbéèrè àti dídáhùn yìí ni àwa oníṣẹ́ ń pè ní DNS.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ ní Amẹ́ríkà kò tíì pọ̀, inú ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ wà. Ní Stanford Research Institute, ní Menlo Park ní California, ni a ti ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tí ń jẹ́ Elizabeth Feinler sì ni olórí ọ́fíìsì náà. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà tuntun yóò kàn sí wọn, wọn yóò kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, olúkúlùkù yóò sì wá da ìwé náà kọ fún ìlò ara rẹ̀. Ó pẹ́ ni, ó yá ni, orúkọ pọ̀ ju ohun tí ìwé kan lè gbà. Ní 1983 ni Paul Mockapetris gbé ètò kan kalẹ̀ tí ó pín iṣẹ́ náà káàkiri, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ẹnì kan tí ó níláti mọ gbogbo orúkọ. A tún un kọ ní 1987, ìpìlẹ̀ yẹn náà ni a sì dúró lé títí di òní.

Bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ìlú yìí, tí ó ń wá ọmọ wa kan, ẹni tí ó kọ́kọ́ bi lè má mọ ọmọ náà rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbọ́ orúkọ àdúgbò, yóò nawọ́ sí ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò yóò júwe agbo-ilé fún un, baálé agbo-ilé ni yóò sì fi yàrá hàn án. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí DNS ti rí gan-an nìyẹn. Àwọn tí ó dúró ní ibùdókọ̀ ni a ń pè ní gbòǹgbò: orúkọ 13 ni wọ́n ní, láti A dé M, ṣùgbọ́n ẹ̀dà wọn ju 1,000 lọ káàkiri ayé, àwọn kan sì wà ní Èkó. Wọn kò mọ ojúlé ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ẹni tí ń tọ́jú.com, ẹni tí ń tọ́jú .uk, ẹni tí ń tọ́jú .ng. Ti .ng yìí, ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Odusote ní Yaba College of Technology ni ó kọ́kọ́ wà ní 1995. Lónìí ọwọ́ ẹgbẹ́ NiRA, tí a dá sílẹ̀ ní 2005, ni ó wà. Olùtọ́jú .ng ni yóò darí wa sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni orúkọ tí a ń wá, ẹni yẹn ni yóò sì dá wa lóhùn.

Kọ̀ǹpútà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin gbogbo ìrìn yìí. Ẹ̀rọ kan wà tí ń bá a rìn ín. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní abánibéèrè. Abánibéèrè yìí kì í sì í gbàgbé kíá: bí ó bá ti gbọ́ ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan, yóò pa á mọ́ fún iye àkókò tí ẹni tí ó ni orúkọ bá yọ̀ǹda, ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú 5, ó lè jẹ́ odindi ọjọ́ kan. Ẹni kejì tí ó bá béèrè orúkọ kan náà láàrin àkókò yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni yóò fi dá a lóhùn, kò ní jáde nílé.

Ibi tí abánibéèrè yìí ń gbé ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Nínú ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní orílẹ̀-èdè wa, kò gbé ilé rárá. Bí wọ́n ti gbé ráútà dé láti ọjà ni wọ́n fi í sílẹ̀, ráútà náà a sì máa rán gbogbo ìbéèrè lọ sí ibi tí ẹni tí ó ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa bá fẹ́, tàbí sí òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ wa nínú wáyà onígíláàsì tí a tẹ́ sí abẹ́ òkun, ó sì ń sáré tó nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, bí a bá wọ̀n ọ́n tààrà, tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, ìbéèrè kan yóò lo 25 ní àlọ, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì lo 25 ní àbọ̀. 50 nìyẹn, kí a má tíì ka pé wáyà òkun kì í lọ tààrà, etí òkun Áfíríkà ni ó ń tọ̀ lọ, àti pé ẹ̀rọ púpọ̀ ni ó wà lójú ọ̀nà. Ní ibi tí wọ́n bá ń lo sátẹ́láìtì ti àtijọ́, tí ó dúró ní 35,786 kìlómítà lókè, ìbéèrè gòkè ó sọ̀kalẹ̀, ìdáhùn gòkè ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ọ̀rọ̀ kan tó parí. (Ti Starlink, tí ó wọ Nàìjíríà ní 2023, kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn tirẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ púpọ̀.) Ojú-ewé ìwé ìròyìn kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè béèrè orúkọ 20, nítorí àwòrán wá láti ibì kan, ìpolówó láti ibòmíràn, òmíràn kò sì ní lè béèrè títí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ yóò fi dé.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ibì kan nínú ìṣirò yìí tí a ti mẹ́nu kan fífẹ̀ ọ̀nà. Bí a bá ra ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ kò ní sáré ju bí ó ti ń sáré lọ. Ìbéèrè orúkọ kò wúwo. Kò ju ìlà ìwé mélòó kan lọ. Jíjìnnà ìrìn ni ó ń jẹ àkókò rẹ̀. Ẹni tí ó rán ọmọ lọ ra iyọ̀ ní Ìbàdàn kò lè torí pé títì fẹ̀ kí ó máa retí pé ọmọ náà yóò dé bí ẹni tí ó lọ sí ìsọ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Mo ti sọ ti àwọn tí ń lò ó. Ó kù ti àwọn tí ń ṣọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dun èmi jù, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Alábòójútó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì a máa ní ètò olùṣọ́ kan tí ń lọ káàkiri bí ọlọ́dẹ òru, tí ń kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan pé, “Ṣé o wà láàyè?” Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀rọ 80 ni olùṣọ́ náà ń bẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, orúkọ ni ó sì fi ń pè wọ́n. Ní ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé ẹ̀rọ ti kú níhìn-ín, ẹ̀rọ ti kú lọ́hùn-ún. Bí ẹnì kan bá sáré débẹ̀, yóò bá ẹ̀rọ náà láàyè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó ń ṣọ́ ọ lóru. Wọ́n ní ó ń sùn ni, wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀sùn sí i. Àwọn ọ̀gá pinnu láti ra kọ̀ǹpútà tí ó lágbára jù fún olùṣọ́, wọ́n sì ti ń gba iye owó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á.

Abánibéèrè méjì ni a kọ sínú ètò náà. Èkíní ti kú láti ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tí ó mọ̀, nítorí pé ìkejì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ń lo Linux, bí a kò bá sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò dúró de ẹni àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kí ó tó yíjú sí ìkejì. Ẹ fi 5 ṣe ìlọ́po 80: ìṣẹ́jú àáyá 400. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò sì ju 300 lọ. Olùṣọ́ kò tíì rìn yí ìlú ká tán tí àkókò àti tún bẹ̀rẹ̀ fi ń dé, ni ó bá ń ka ẹni tí kò ráyè bẹ̀ wò mọ́ òkú. Nígbà tí a fi nọ́ńbà pe ẹ̀rọ kan, ó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a fi orúkọ pe ẹ̀rọ kan náà, a ka ení, èjì, dé àrún, kí ó tó jẹ́. Ìlà kan ni a pa rẹ́ nínú ìwé ètò, àìsàn náà sì lọ. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Wọ́n fa ìwé ẹ̀sùn ọmọ náà ya, ṣùgbọ́n ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ kí oṣù tó parí, èmi kò sì bá a wí.

Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Bí o bá fẹ́ wọ ẹ̀rọ kan láti òkèèrè, òun náà lè fẹ́ mọ orúkọ tí nọ́ńbà rẹ ń jẹ́ kí ó tó ṣílẹ̀kùn; bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ fún un, ìwọ dúró síta. OpenSSH ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀ títí di 2015 tí wọ́n fi yí i padà. Ráútà Cisco, bí ọwọ́ rẹ bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, a máa rò pé orúkọ ẹ̀rọ kan ni o pè, a sì máa wá a kiri títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, tí ìwọ yóò máa wò ó bí ẹni wo ìran. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà iṣẹ́ fi ń fi -n kún traceroute àti tcpdump, kí wọ́n lè fi nọ́ńbà sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún ìgbà tí ara bá balẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn kéékèèké nìkan ni ó ń ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, October 4, 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ jákèjádò ayé fún nǹkan bí wákàtí 6. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun yóò rántí pé ẹ kò lè pe ilé. Àṣẹ kan tí wọ́n pa nígbà àtúnṣe ni ó gé ọ̀nà tí ó so àwọn ilé ẹ̀rọ wọn pọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ń dáhùn orúkọ wọn rí i pé àwọn kò lè dé ilé mọ́, wọ́n sì fa ara wọn sẹ́yìn kúrò lójú ayé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọ́ di wákàtí 6 ni pé àwọn irinṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn fẹ́ fi tún un ṣe, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ara wọn. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé tí a tì. Wọ́n níláti rán ènìyàn lọ sí ibi tí àwọn ẹ̀rọ náà wà gan-an.

Bí ẹgbẹ́ bá gbà fún mi, ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe kò ní ariwo nínú. Kí abánibéèrè wa máa gbé inú ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ètò ọ̀fẹ́ ni Unbound, tí àwọn NLnet Labs ní Netherlands ṣe. Kọ̀ǹpútà àlòkù lè gbé e, Raspberry Pi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sì lè gbé e. Bí ọmọ 40 bá jókòó nínú kíláàsì, tí olùkọ́ ní kí wọ́n ṣí ojú-ewé kan náà, ẹni kìíní ni yóò dúró. Àwọn 39 tí ó kù yóò gba ìdáhùn láti inú ilé. A lè pàṣẹ fún un pé kí ó tún orúkọ tí a ń pè lójoojúmọ́ béèrè kí àkókò rẹ̀ tó tán. A sì lè gbà á láàyè pé, bí ọ̀nà bá gé, kí ó máa fi ìdáhùn àná dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ní March 14, 2024, nígbà tí wáyà òkun mẹ́rin bàjẹ́ ní tòsí Abidjan, irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tí ó bá ní i, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó wà ní Èkó wà láàyè, ẹni tí yóò júwe rẹ̀ ni kò sí.

Méjì ni kí ó jẹ́, kí ìkejì wà ní ilé ìwòsàn, kí a sì dín dídúró ìṣẹ́jú àáyá 5 yẹn kù sí 1. Orúkọ àwọn ẹ̀rọ tiwa, ilé ni kí ó ti máa jẹ́ dídáhùn, kí gígé wáyà òkun má ṣe dí wa lọ́wọ́ láti pe ráútà tí ó wà ní yàrá kejì. Kí olùṣọ́ wa máa fi nọ́ńbà pe àwọn ẹ̀rọ tí ó ṣe pàtàkì, kí ó sì máa ṣọ́ abánibéèrè pàápàá, bí ìdáhùn rẹ̀ ti ń pẹ́ tó, kì í ṣe bóyá ó wà láàyè nìkan.

Àwọn kan yóò ní kí a kàn kọ 8.8.8.8 ti Google tàbí 1.1.1.1 ti Cloudflare sí i, kí ọ̀rọ̀ parí. N kò bú wọn, èmi náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹni tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn lè jáde kúrò ní Nàìjíríà kí ó tó padà wọlé. Ewu mìíràn tún wà: àwọn tí ń pín àwòrán àti fídíò káàkiri ayé a máa wo ibi tí abánibéèrè wà kí wọ́n tó yan ibi tí wọn yóò ti bu fún wa. Bí abánibéèrè bá wà ní ìlú òyìnbó, wọ́n lè rò pé ìlú òyìnbó ni àwa náà wà, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ kó ẹrù fún wa, nígbà tí irú ẹrù náà wà ní Èkó.

Ẹ̀ṣọ́ ṣe pàtàkì. Abánibéèrè tí ó ń dá gbogbo ayé lóhùn a máa di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn olè, nítorí náà àwọn ará ilé nìkan ni kí ó máa gbọ́. Ní 2008, Dan Kaminsky fi hàn pé ènìyàn lè ti ìdáhùn èké sí i lẹ́nu. Láti 2010 ni a ti ń fi èdìdì sí ti gbòǹgbò, kí a lè mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Kí àyẹ̀wò èdìdì wà ní títàn. Ṣùgbọ́n èdìdì ní ọjọ́ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ń parí, ọ̀pọ̀ Raspberry Pi kò sì ní bátìrì aago. Bí iná bá lọ tí ó sì padà dé, ẹ̀rọ náà lè jí pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ti kọjá, kí ó ka gbogbo èdìdì sí èké, kí ó má sì lè béèrè àkókò, nítorí pé orúkọ ni ó fi ń pe ẹni tí yóò sọ àkókò fún un. Ẹ bá mi ra bátìrì aago kékeré mọ́ ọn. Ẹ sì jẹ́ kí ó jókòó lórí ínfátà kan náà pẹ̀lú ráútà.

N kò sọ pé gbogbo ìfàsẹ́yìn ni yóò lọ. Bí ọmọ 40 bá ń wo fídíò lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà yóò há, kò sí abánibéèrè tí ó lè mú un gbòòrò. Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ìpàdé yìí pé kí a dá àbá náà dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa ti gbà láti máa lo dig láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ó máa kọ iye àkókò tí orúkọ mẹ́wàá fi ń rí ìdáhùn sínú ìwé kan, kí ó sì kọ bí ọ̀nà ti kún tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ìdáhùn bá yá tí ọ̀nà sì kún, èmi fúnra mi ni n óò kọ́kọ́ gbe àbá náà lẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ ni ó ń pẹ́, kí ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà má ṣe fi owó oṣooṣù ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré méjì àti bátìrì aago méjì ni kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ wálé nígbà ọdún bá wa fi sínú ẹrù rẹ̀. Ìwé náà yóò wà lọ́wọ́ Akọ̀wé láti ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè yà wò ó.